Kí Ló Lè Pa Fáìlì Ilé Wa, Ibo La Sì Lè Fi Ẹ̀dà Rẹ̀ Sí?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Banigbé ṣe àpẹẹrẹ, ní kọmúùnù Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ẹnubodè Igolo kò ti jìnnà. Olùkọ́ ni bàbá ilé, ìyá ilé ń ta epo pupa. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni wọ́n ní, àlòkù tó gba èbúté Cotonou wọlé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: fọ́tò ìgbéyàwó, àwòrán ìwé ìbí àwọn ọmọ, àwòrán ìwé ilẹ̀ tí wọ́n rà, ìṣirò kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á láwìn, ìbéèrè ìdánwò tí bàbá ti ń kọ bọ̀ láti ọdún yìí wá, àti ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìdílé, èyí tí wọ́n gbà sórí fóònù kí ìyá tó papò dà. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ tó gígábáìtì 80.

Wọ́n ti gbọ́ pé ó yẹ kí èèyàn ní ẹ̀dà. Ohun tó ń rú wọn lójú ni ibi tó yẹ kí ẹ̀dà náà wà. Ṣé inú fíláàṣì ni, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní clé? Ṣé inú háàdì dísíìkì àgbékiri ni, àbí àwo DVD, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì? Bí wọ́n bá bi ẹni tó ń tà á, èyí tó bá kù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yóò ní ó dára jù. Èmi rò pé ibi tí kò yẹ ni ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kì í kú. Irú ikú tó lè pa fáìlì ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè, ká wá fi ẹ̀dà síbi tí ikú kan náà kò ti ní rí méjèèjì pa pọ̀.

Àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àgbàdo tí wọ́n máa jẹ wà nínú àká. Èyí tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ti yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò fún un. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n kò tún ní fi gbogbo irúgbìn sókè ààrò kan ṣoṣo, torí iná tó ń lé kòkòrò lè jó ilé ìdáná. Á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sakété ní díẹ̀. Fáìlì tí à ń lò lójoojúmọ́ ni àgbàdo inú àká. Irúgbìn ni ẹ̀dà ìpamọ́: ẹ̀dà tí a mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀, tí a kì í fọwọ́ kàn fún iṣẹ́ òòjọ́, tó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ti inú àká bá bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó kó fọ́tò rẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà lọ sínú fíláàṣì, tó wá pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè gbà á, kò tíì ní ẹ̀dà kankan. Fọ́tò kan ṣoṣo náà ló ṣì wà, ó kàn kó lọ sílé mìíràn ni.

Ikú tó wọ́pọ̀ jù ni ti ohun èlò fúnra rẹ̀. Nínú háàdì dísíìkì, àwo kan wà tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú àwo náà kún fún àìmọye àmì tíntìntín tí a fi òòfà ṣe. Àmì kọ̀ọ̀kan lè kọjú sí ọ̀nà kan tàbí sí òdì kejì rẹ̀, nínú ọ̀nà méjì péré yìí sì ni fọ́tò, ohùn àti ìwé gbogbo ti ń jáde. Apá kékeré kan wà tí orí rẹ̀ ń ka àwọn àmì náà. Orí yìí kì í kan àwo. Atẹ́gùn tí àwo ń fẹ́ bó ti ń yí ló gbé e léfòó, àlàfo tó wà láàárín wọn sì kéré débi pé ẹyọ èéfín kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí dísíìkì tó ń ṣiṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ jábọ́. Bí orí náà bá fara kan àwo, á họ ọ́, ohun tó wà lójú ibi tó họ kò sì ní ṣeé kà mọ́. Bí dísíìkì yín bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, orí náà ló ń wá ọ̀nà tí kò rí. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àtúntàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe, bóyá á jí, ló sábà ń ba èyí tó kù jẹ́.

Nígbà tí IBM gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1956, àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5 ló gbà, ìyẹn fọ́tò fóònù kan tàbí méjì. Tòní kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ ó ṣì ń kú. Ilé iṣẹ́ Backblaze ní Amẹ́ríkà, tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú fáìlì, ti ń tẹ iye dísíìkì rẹ̀ tó ń kú jáde fún gbogbo ayé rí láti ọdún 2013. Lọ́pọ̀ ọdún, nínú dísíìkì 100, ọ̀kan sí méjì ló ń kú láàárín ọdún kan. Inú yàrá tútù tí kò ní eruku ni ti Backblaze wà o, kò sì sí ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ kọ́ wáyà rẹ̀.

Fíláàṣì kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Ẹni tó hùmọ̀ irú mẹ́mórì tó wà nínú rẹ̀ ni Fujio Masuoka, ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan, láàárín ọdún 1980 sí 1989. Àpò tíntìntín ló kún inú rẹ̀, ohun tí iná kì í gbà kọjá ló sì yí àpò kọ̀ọ̀kan ká. Láti kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á fi agbára ti ìwọ̀nba iná mànàmáná wọnú àpò náà, iná yẹn á sì há síbẹ̀. Láti kà á padà, wọ́n á wò ó bóyá iná wà nínú àpò tàbí kò sí. Ohun méjì ló ń ṣe é. Fífi agbára ti iná wọlé àti fífà á jáde ń jẹ ògiri àpò náà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i ní òpin. Ìkejì, iná tó há síbẹ̀ ń jò. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ooru sì ń mú kí jíjò náà yá. Fíláàṣì tí a jù sínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ òrùlé páànù fún ọdún púpọ̀ láìkì í bọ kọ̀ǹpútà lè ti gbàgbé apá kan nínú ohun tí a fi pa mọ́ sínú rẹ̀. Ó dára láti gbé fáìlì láti ilé dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. N kò ní fi ohùn ìyá àgbà sínú rẹ̀ nìkan láéláé.

Ẹ̀tàn tún wà nínú ọjà yìí. Fíláàṣì kan lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun gba tẹ́ràbáìtì 2, nígbà tó jẹ́ gígábáìtì 16 péré ni àyè inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ní irọ́. Bí àyè gidi bá kún, kò ní sọ pé òun yó. Á máa kọ tuntun lé orí ti tẹ́lẹ̀, orúkọ gbogbo fáìlì á ṣì máa hàn, àmọ́ wọn kò ní ṣí. Ìwé ìròyìn c't ti Jámánì gbé ètò ọ̀fẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ H2testw. Ohun tó ń ṣe ni pé á kọ nǹkan kún fíláàṣì náà dé ẹnu, á wá ka gbogbo rẹ̀ padà wò bóyá ó pé. Kí ẹ tó fi fọ́tò kan ṣoṣo sínú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ jẹ́ kó gba ìdánwò yìí.

Ní ti àwo DVD, ojú ibi tí a ń sun nǹkan sí nínú rẹ̀ jẹ́ aró tí òòrùn àti ooru lè ṣá, kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ kò sì ní ojú tí a ti lè kì í bọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ikú kejì ń bá iná wá. Ní ẹkùn Plateau kan náà tí Banigbé wà, ní Sakété, ni wáyà iná ńlá tó ń ti Ikeja West bọ̀ ti ń wọ Benin láti ọdún 2007. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì iná Nàìjíríà bá ń mì, ìmìtìtì náà lè dé ìhín. Òkùnkùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa fáìlì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kọ fáìlì, ohun méjì ló ń ṣe: ó ń kọ ohun inú rẹ̀ síbì kan, ó sì ń kọ orúkọ àti ojúlé rẹ̀ sínú ìwé atọ́ka kan tó wà nínú dísíìkì. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, atọ́ka lè máa tọ́ka sí ilé tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Nígbà mìíràn, atọ́ka gan-an ló ń bàjẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú dísíìkì á sì dà bí ẹni pé kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà tún máa ń dá ohun tó fẹ́ kọ dúró sínú mẹ́mórì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká sọ fún un pé a fẹ́ yọ dísíìkì kí a tó fà á yọ, kó lè kọ ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Àti pé ìpadàbọ̀ iná tún burú ju lílọ rẹ̀ lọ: agbára tó ń ya wọlé lójijì lè jó kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá so mọ́ ọn. Bí dísíìkì ẹ̀dà bá ń gbé ìdí kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, àrá kan ṣoṣo lè mú méjèèjì lọ.

Bí a bá wá yọ ọ́, tí a fi í sínú àpótí aṣọ ńkọ́? Ó bọ́ lọ́wọ́ iná, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ olè, òjò àti ìjóná ilé. Ohun tó bá kan yàrá yẹn ti kan ẹ̀dà náà. Ní Mali, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ajíhàdì gba Timbuktu lọ́dún 2012, Abdel Kader Haidara àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àfọwọ́kọ àtayébáyé kó jáde nínú àpótí irin, wọ́n gbé e lọ sí Bamako. Ní oṣù January 2013, kí àwọn ajíhàdì tó sá, wọ́n dáná sun ìwé tí wọ́n bá nínú ilé Ahmed Baba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán èyí tó dé Bamako lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà àwòrán náà sì wà ní ilé ìpamọ́ kan ní Minnesota, Amẹ́ríkà. Ìjì ogun kan kò lè fẹ́ dé Timbuktu, Bamako àti Minnesota lọ́jọ́ kan náà. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ irú ìlànà yìí di ohun tó rọrùn láti rántí: ẹ̀dà mẹ́ta lápapọ̀, nínú irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn.

Èyí tó kù ni ikú tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ní ẹ̀dà kò rò tẹ́lẹ̀, torí pé ẹ̀dà náà fúnra rẹ̀ ló ń bá a gbé e dé. Ẹ̀dà ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìmúdọ́gba. Ìmúdọ́gba ni iṣẹ́ tí Google Drive tàbí Dropbox ń ṣe fún fódà kan: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i níbì kan, kí ó ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ìparẹ́ náà jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣeré lórí fóònù tó sì pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ́, ìmúdọ́gba á fi òtítọ́ inú pa á rẹ́ níbi yòókù. Inú àpótí ìdọ̀tí Google Drive, ọjọ́ 30 ló máa lò kó tó lọ pátápátá. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìgbà wo la ń wò ó? Ọdún lè yí po ká tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Fáírọ́ọ̀sì ajífáìlìgbé burú ju ọmọdé lọ. Á yí fáìlì gbogbo padà di àdììtú tí ẹni tó rán an nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á wá béèrè owó ìdásílẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù May 2017 ni èyí tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀; ó wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín dísíìkì inú àti ti òde. Èyí tó bá bá ní ìdí kọ̀ǹpútà, ó ti jí i gbé nìyẹn.

Ohun tó lè gbà wá lọ́wọ́ méjèèjì ni kí ẹ̀dà ní ìrántí. Ètò ẹ̀dà tó dára kì í kọ ti òní lé ti àná lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á ṣe ẹ̀dà odidi, ìyẹn gbogbo gígábáìtì 80. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa wo ọjọ́ àti ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá yí padà nìkan ni yóò mú. Ẹ̀dà àfikún nìyẹn. Nítorí pé àfikún kì í tóbi, dísíìkì kan lè gba ti oṣù púpọ̀, a sì lè sọ pé: gbé ìwé ìṣirò epo wá bó ṣe rí ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Kò sí ìdí láti ra ètò yìí. Inú Windows fúnra rẹ̀ ló wà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń sọ Faransé, orúkọ rẹ̀ ni Historique des fichiers, wákàtí wákàtí ló sì máa ń ṣiṣẹ́ bí dísíìkì bá wà ní ìdí rẹ̀. Ti Apple ni Time Machine, láti ọdún 2007.

Kí ló dé tí a kò kúkú gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká bọ́ lọ́wọ́ dísíìkì? Ibi tí à ń pè ní orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ojú sánmà. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fi fáìlì kan sínú dísíìkì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, a kò ní mọ̀ rárá. Ìjóná ilé ní Banigbé kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló níṣòro. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá ń gbé mẹ́gábíìtì 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígábáìtì 80 á gba ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ láìsinmi, dátà tí a rà ni yóò sì máa jẹ. Ẹ̀dà kan náà á wọ dísíìkì àgbékiri láàárín wákàtí kan, kódà bí ojú USB kọ̀ǹpútà àlòkù yẹn bá jẹ́ ti àtijọ́. Ọ̀nà náà tún máa ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn mẹ́hẹ. Fáìlì ẹnikẹ́ni kò sọnù lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹni tó nílò ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò ní rí i ṣí.

Ohun tí n ó sọ fún ilé Banigbé náà nìyí. Kí wọ́n ra háàdì dísíìkì àgbékiri méjì. Ọ̀kan á wà nílé: kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ètò ṣe àfikún rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́. Èkejì á wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Sakété tàbí ní Porto-Novo, kí wọ́n máa pààrọ̀ méjèèjì nígbàkúgbà tí ọ̀nà bá gbé wọn lọ síbẹ̀, fún ọdún tàbí fún ìnáwó. Ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀ àti ohùn ìyá àgbà kéré, kò tó gígábáìtì kan. Kí ìwọ̀nyẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, nínú gígábáìtì 15 tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ilẹ̀ gangan kò gbọdọ̀ tìtorí èyí kúrò nínú àpótí o. Òǹtẹ̀ orí ìwé ni wọ́n máa béèrè bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́.

Dísíìkì tó bá máa kúrò nílé, ó yẹ ká sọ ohun inú rẹ̀ di àdììtú tiwa, kí ẹni tó bá jí i má lè rí ìwé wa kà. Ètò ọ̀fẹ́ VeraCrypt ń ṣe é. Ó máa da ọ̀rọ̀ aṣínà pọ̀ mọ́ gbogbo fáìlì náà lọ́nà tí kò ṣeé tú láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn tó kọ ètò náà gan-an kò sì ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n lè gbà wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ti sin fáìlì rẹ̀ nìyẹn. Kí a kọ ọ́ sórí ìwé, kí ìwé náà wà níbi tí dísíìkì kò sí.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dán an wò. Lọ́dún 1998, níbi tí ilé iṣẹ́ Pixar ti ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan tẹ àṣẹ kan tó pa ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀dà wọn. Ẹ̀dà ti ń kùnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Galyn Susman, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ló ní ẹ̀dà tó wúlò nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Kí ará ilé Banigbé náà mú fáìlì mélòó kan jáde láti inú dísíìkì ẹ̀dà, sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí wọ́n ṣí i: kí fọ́tò hàn, kí oríkì dún dópin. Rírí orúkọ fáìlì nìkan kò tó. A ti rí ohun tí fíláàṣì èké ń ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àkáǹtì. Láti ìparí ọdún 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti fọ́tò inú rẹ̀. Bí bàbá nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ọlọ́jọ́ sì dé, ọdún méjì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀. Nínú ètò àkáǹtì náà, ibì kan wà tí èèyàn ti lè sọ pé bí òun kò bá wọlé fún oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, kí Google fi ohun tó wà níbẹ̀ lé ẹni tí òun yàn lọ́wọ́. Ó gba orúkọ ẹni mẹ́wàá. Nínú ilé yìí, ìyá ilé ló yẹ kó ṣáájú, kí àkọ́bí tẹ̀ lé e.